Fífi iṣẹ́ wé iṣẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí benchmarking fún àwọn alábòójútó iṣẹ́ àkànṣe

Ilé kíkọ́ ni a fi ṣe àpẹẹrẹ jù lójú ìwé yìí, torí pé iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn lè fojú rí ni. Ẹni tó ń gbẹ́ kànga ìgbàlódé, tó ń tún ọ̀nà ṣe tàbí tó ń darí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà yóò rí tirẹ̀ mú níbẹ̀.

Kí ni benchmarking fi yàtọ̀ sí kéèyàn kàn máa wo ohun tí ẹlòmíì ń ṣe?

Ẹ ó wọn iṣẹ́ yín, ẹ ó fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ti ẹlòmíì, ẹ ó wádìí ohun tó fa àlàfo tó wà láàárín méjèèjì, lẹ́yìn náà ẹ ó yí ọ̀nà tí ẹ ń gbà ṣiṣẹ́ padà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ṣe apá méjì àkọ́kọ́, wọ́n á tẹ àbájáde sórí ìwé dáadáa, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Iye tí ẹ rí kò lè tún iṣẹ́ ṣe. Ìwádìí àti àyípadà ló ń tún un ṣe.

Ilé-iṣẹ́ Xerox ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ̀nà yìí di olókìkí. Ní 1979, wọ́n rí i pé iye tí àwọn ará Japan ń ta ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì kò ju iye tí àwọn fúnra wọn ń ná láti ṣe tiwọn lọ. Wọ́n tú ẹ̀rọ àwọn ará Japan palẹ̀, wọ́n wo bí wọ́n ṣe tò ó àti ohun tí wọ́n fi ṣe é. Nígbà tó yá tí wọ́n fẹ́ tún ilé ìkẹ́rùsí wọn tò, ọ̀dọ̀ L.L. Bean ni wọ́n gbà lọ, ilé-iṣẹ́ tó ń ta aṣọ àti ohun èlò ìgbafẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ta fọ́tókọ́pì níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ti ń ṣa ọjà jáde láìfi àkókò ṣòfò.

Iṣẹ́ kan ò jọ èkejì. Báwo la ṣe fẹ́ fi wọ́n wéra?

Ẹ má fi odindi iṣẹ́ wé odindi iṣẹ́. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́. Ilé ìtajà Ìbàdàn kò jọ ilé-ìwé Ìkirè, àmọ́ àwọn méjèèjì ní ìpìlẹ̀, ògiri, dẹ́kìn tàbí òrùlé, rírẹ́ àti kíkùn. Iye ògiri tí bírikìlà kan ń kọ́ lójúmọ́ ṣeé fi wéra bí búlọ́ọ̀kù bá jẹ́ irú kan náà. Ògiri onínáìnì-íǹṣì, tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ gùn ní 450 mm tó sì ga ní 225 mm, ń gba nǹkan bíi búlọ́ọ̀kù 10 fún mítà onígun mẹ́rin kan. Nítorí náà, kíka búlọ́ọ̀kù ti tó láti mọ ìwọ̀n ògiri.

Ẹ kọ ipò iṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kọ̀ọ̀kan: oṣù wo ni, àjà mélòó, irú ilẹ̀ wo, ṣé típà lè wọlé dé sáìtì. Ìpìlẹ̀ tí a gbẹ́ ní June nínú ẹrẹ̀ kò bá ti January dọ́gba. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀, òjò ló ń wọ̀n, kì í ṣe òṣìṣẹ́.

Òṣùwọ̀n wo ni ká fi bẹ̀rẹ̀?

Márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó. Àwọn tí a máa ń yàn nìyí:

- Ìyàtọ̀ àkókò: ọjọ́ tó gbà gan-an, ẹ yọ ọjọ́ tí ẹ ṣèlérí kúrò, kí ẹ fi ọjọ́ ìlérí pín èyí tó kù. Ìlérí ọjọ́ 120 tó di 150 jẹ́ 25%.
- Ìyàtọ̀ owó: ìṣírò kan náà, owó ló rọ́pò ọjọ́.
- Ìlérí ọ̀sẹ̀: nínú iṣẹ́ tí fọ́mànù sọ lọ́jọ́ Monday pé yóò parí, mélòó ló parí pátápátá kí Saturday tó tán? Ìdajì iṣẹ́ kì í ṣe iṣẹ́. Ẹ kà á sí òdo.
- Àtúnṣe: wákàtí tí ẹ fi wó ohun tí ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì tún un ṣe.
- Ọjọ́ ìdúró: ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ wà ní sáìtì tàbí tó yẹ kó wà níbẹ̀, tí iṣẹ́ ò lọ, pẹ̀lú ohun tó fà á.
- Ìjàǹbá: gbogbo ìpalára tó gba ìtọ́jú, àní èyí tó kéré.

Tí ẹ bá fẹ́ wo bí àwọn mìíràn ṣe ṣe é, ẹ wo Britain. Lẹ́yìn ìròyìn tí ìgbìmọ̀ Sir John Egan gbé jáde ní 1998, àwọn oníṣẹ́ ilé kíkọ́ níbẹ̀ gba òṣùwọ̀n kan náà ní àjùmọ̀lò: ìtẹ́lọ́rùn oníbàárà, àbùkù, bí owó àti àkókò ṣe bá ìlérí mu, èrè àti ààbò wà lára rẹ̀. Ohun tó wúlò jù níbẹ̀ lójú tiwa ni pé wọ́n ya “ó pọ̀” sọ́tọ̀ kúrò lára “ó yàtọ̀ sí ohun tí a sọ”. Ilé olówó ńlá tó parí lọ́jọ́ tí wọ́n dá kì í ṣe iṣẹ́ tí a kò bójú tó.

Ọjọ́ wo gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ló sì parí?

Ibí yìí ni ìfiwéra ti ń bàjẹ́ jù lọ. Ilé-iṣẹ́ kan ń kà láti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, òmíràn láti ọjọ́ tí owó mobilization, ìyẹn owó àsansílẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọlé, ẹlòmíì láti ọjọ́ tí wọ́n gbé sáìtì lé e lọ́wọ́. Nínú iṣẹ́ ìjọba, oṣù púpọ̀ lè wà láàárín àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn. Ẹ kọ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kí ẹ wá fi ẹnu kò lórí èyí tí ẹ ó fi ṣírò. Ọjọ́ tí a gbà sáìtì ni a máa ń dámọ̀ràn fún ìyára iṣẹ́. Ọjọ́ ìfọwọ́sí sì ni a ń lò láti mọ bí oníbàárà ṣe dúró pẹ́ tó.

Bí ọ̀rọ̀ ìparí náà ṣe rí nìyẹn. Àwọn kan ń sọ pé ilé ti parí nígbà tí ilẹ̀kùn márùn-ún ò tíì sí, tí omi ò sì yọ. Ẹ mú ọjọ́ tí ẹni tó ni ín lè wọlé kó lò ó, tí àbùkù tó kù kò sì dí i lọ́wọ́.

Ní ti owó, ẹ má pa iye àkọ́kọ́ rẹ́. Tí oníbàárà bá ní kí ẹ fi fẹ́ǹsì kún un, ẹ kọ owó fẹ́ǹsì sí ìlà tirẹ̀. Ẹ ṣírò lẹ́ẹ̀mejì: sí iye ìbẹ̀rẹ̀, àti sí iye tí a tún ṣe. Ìṣírò àkọ́kọ́ ń sọ bóyá ẹ lóye iṣẹ́ náà kí ẹ tó gbà á, èkejì ń sọ bóyá ẹ mọ ọwọ́ owó dì mú. Ẹni tó bá ń tún iye ìpìlẹ̀ kọ lóṣooṣù kò ní kọjá ìṣúná láé, ìwé rẹ̀ kò sì ní kọ́ ọ ní nǹkankan.

A kọ́ ilé kan ní 2021, ẹlòmíì kọ́ irú rẹ̀ ní 2024 ní ìlọ́po méjì owó wa. Ṣé àwa la mọ owó ná jù?

A ò tíì lè sọ. Láti June 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye lé e, owó ìgbà kan kò ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìgbà mìíràn láìṣe àtúnṣe. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

Èkíní, ẹ lo atọ́ka iye owó ọjà tí National Bureau of Statistics ń gbé jáde lóṣooṣù: owó àtijọ́, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú atọ́ka òní, kí ẹ fi atọ́ka ìgbà yẹn pín in. Ẹ ṣọ́ra o! Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni wọ́n yí ọdún ìpìlẹ̀ atọ́ka náà sí 2024, nítorí náà ẹ má mú nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ jáde kó tó yí, kí ẹ fi bá tuntun ṣe ìṣírò. Ẹ gba odindi ọ̀wọ́ tí a ti so pọ̀.

Èkejì dára ju ìyẹn lọ, torí pé símẹ́ńtì àti irin kì í bá gààrí rìn pọ̀. Ẹ ní àtòkọ tiyín: àpò símẹ́ńtì kan, tọ́ọ̀nù irin 12 mm, típà yanrìn kan, típà òkúta kan, lítà dísẹ́lì kan, owó iṣẹ́ bírikìlà fún ọjọ́ kan. Ẹ kọ iye tí ẹ rà wọ́n sílẹ̀ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọdún kan, ẹ ó ní atọ́ka tó bá iṣẹ́ yín mu.

Ẹ̀kẹta ni kí ẹ yẹra fún owó níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Wákàtí, àpò símẹ́ńtì fún ìwọ̀n kọnkéré, ìdá irin tó ṣòfò: ìwọ̀nyí kì í gbówó lórí.

Níbo la ti fẹ́ rí iye ti ẹlòmíì?

Ẹ kọ́kọ́ wo àpótí tiyín. Ìfiwéra láàárín sáìtì mẹ́ta tó jẹ́ tiyín sábà máa ń fi nǹkan hàn ju bí ẹ ti rò lọ, ẹ kò sì ní tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, QS (quantity surveyor, ẹni tó ń ṣírò ohun èlò àti owó ilé kíkọ́) tó ti bá agbaṣẹ́ṣe púpọ̀ ṣiṣẹ́ lè sọ ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún yín láìdárúkọ oníbàárà rẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, Bureau of Public Procurement ní ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ NOCOPO, níbi tí wọ́n ti ń gbé àlàyé iṣẹ́ àgbàṣe síta. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 sì fún ẹnikẹ́ni láàyè láti kọ lẹ́tà béèrè, ọjọ́ méje ni wọ́n sì fún ọ́fíìsì tó gba lẹ́tà náà láti dáhùn. Ẹ béèrè ohun pàtó: iye àdéhùn, ọjọ́ ìfọwọ́sí, ọjọ́ ìparí, àfikún owó. Lẹ́tà tó bá béèrè “gbogbo ìwé” kì í tètè rí èsì.

Lókè òkun, Construction Industry Institute ní Austin, Texas, ń gba iye iṣẹ́ jọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, Independent Project Analysis sì ń ṣe é fún iṣẹ́ ńláńlá bíi ti epo rọ̀bì. Ẹni tó ń kọ́lé ní Britain lè sanwó fún iye tí BCIS, ilé-iṣẹ́ tó ń kó iye owó ilé kíkọ́ jọ, ń tọ́jú. Kí ẹ tó fi irú iye bẹ́ẹ̀ wé sáìtì Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ rántí pé ẹ̀rọ gbígbé kọnkéré ti gba iṣẹ́ gáráwà àti orí lọ́hùn-ún. Ẹ lè mú ìdá ìdúró àti ìdá àtúnṣe. Iye ògiri lójúmọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Ṣé òfin gbà kí àwa tí à ń jọ díje máa fi nọ́ńbà hanra wa?

Iṣẹ́ tó ti parí, tí ẹ yọ orúkọ oníbàárà kúrò nínú rẹ̀, tó sì jẹ́ ìdá tàbí ọjọ́, kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Iye tí ẹ fẹ́ kọ sínú ìwé ìdíje tó ń bọ̀ ni ẹ ò gbọdọ̀ sọ. Òfin ìdíje ti Nàìjíríà, tó jẹ́ ti 2018, ka fífẹnu kò lórí iye ìdíje sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tí kì í bá yín díje gba iye jọ, kí ó sì dá àárín rẹ̀ padà fún gbogbo yín.

Iṣẹ́ márùn-ún péré la ti parí. Ṣé ó tó?

Ó tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹ kò bá fi ìpíndọ́gba tan ara yín. Ká sọ pé iṣẹ́ márùn-ún kọjá owó wọn ní 8%, 12%, 15%, 19% àti 96%. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 30%, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó sún mọ́ 30. Ẹ tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, kí ẹ mú èyí tó wà láàárín gbùngbùn: 15%. Èyí ló ń sọ bí iṣẹ́ yín ṣe máa ń rí. Ẹ má sì sọ 96 nù. Ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀, torí irú rẹ̀ ló ń ti ilé-iṣẹ́ pa.

A ti rí àlàfo. Kí ló kàn?

Ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ilé-ìwé oníyàrá mẹ́fà gbà yín ní ọjọ́ 150, agbaṣẹ́ṣe kejì kọ́ irú rẹ̀ ní 110. Ọ̀gá á sọ pé àwọn bírikìlà wa ń ṣọ̀lẹ. Ẹ gbé e sórí ìwé:

- Ìpìlẹ̀: tiyín 28, tiwọn 24.
- Ògiri: tiyín 30, tiwọn 27.
- Òrùlé: tiyín 32, tiwọn 26.
- Rírẹ́ títí dé kíkùn: tiyín 36, tiwọn 30.
- Ìdúró: tiyín 24, tiwọn 3.

Nínú 40 ọjọ́ àlàfo, 21 wà nínú ìdúró. Bírikìlà fi ọjọ́ mẹ́ta péré yàtọ̀. Tí ẹ bá lé wọn lọ kí ẹ gba àwọn mìíràn, ẹ ó pàdánù àwọn tó mọ iṣẹ́ yín, ìdúró á sì wà níbi tó wà.

Ẹ tún fọ́ 24 yẹn. Bí ìwé sáìtì bá pé, ẹ lè rí i pé 13 jẹ́ dídúró de ohun èlò, 6 dídúró de owó oníbàárà, 3 dídúró de ìpinnu ẹni tó ya àwòrán ilé, 2 òjò. Ibi tí 13 wà ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ. Ẹ tẹ̀lé ìbéèrè àpò símẹ́ńtì kan láti ẹnu fọ́mànù títí tí ọkọ̀ fi já a sílẹ̀: ta ló kọ ọ́, ta ló fọwọ́ sí i, ọjọ́ mélòó ló sùn sórí tábìlì ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ohun tí a sábà máa ń rí ni pé fọ́mànù kì í béèrè àfi nígbà tí àpò bá ku díẹ̀, tí ìbéèrè rẹ̀ sì ń gba ọwọ́ ènìyàn mẹ́rin kọjá.

Ìgbà yìí ni ẹ ó wá bi ẹnìkejì bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Ó lè jẹ́ pé gbogbo Friday ni fọ́mànù rẹ̀ ń kọ ohun tí sáìtì máa nílò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ń bọ̀, tí ẹni tó ń rajà ò sì ní í dúró de ìfọwọ́sí fún ohun tó kéré sí iye kan tí wọ́n ti fẹnu kò lé. Ẹ mú un, ẹ dán an wò ní sáìtì kan ṣoṣo fún oṣù méjì, ẹ wọn ọjọ́ ìdúró lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí kò bá yí padà, ìdí tí ẹ mú kì í ṣe ìdí gan-an.

Ṣé gbogbo ẹni tó yára jù wá lọ la gbọdọ̀ kọ́ lára rẹ̀?

Rárá. Kọnkéré tó pé ọjọ́ méje sábà máa ń ní bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tí a ń retí ní ọjọ́ 28. Ẹni tó bá yọ igi abẹ́ dẹ́kìn rẹ̀ láìpé ọjọ́ tí ẹ́ńjínníà sọ yóò ta yín yọ nínú ìwé ìfiwéra, ilé rẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ka àkókò láìka àtúnṣe àti ìjàǹbá pọ̀ mọ́ ọn. Tí àkókò ẹnì kan bá kéré gidi, tí kò sì fẹ́ fi ìwé ìdánwò kọnkéré rẹ̀ hàn, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Báwo la ṣe ń ṣe ìbẹ̀wò sí sáìtì ẹlòmíì tó lérè?

Ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ni kí ó lọ, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ fọ́mànù. Ọ̀gá á béèrè ìlànà. Fọ́mànù ni yóò rí ibi tí wọ́n kó irin sí àti ìdí tí wọn ò fi ń wá a kiri. Ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ ṣáájú, kó má ju mẹ́wàá lọ, kí ẹ sì fi iye tiyín kún un, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ fi tirẹ̀ hàn ni wọ́n máa ń ṣí ìwé fún. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé gidi hàn yín, ìwé ìbéèrè ohun èlò tàbí ìwé ojoojúmọ́, kì í ṣe àlàyé ẹnu nìkan. Ìbéèrè kan tí a kì í fò ni èyí: “Kí lẹ ti gbìyànjú rí tí ẹ sì pa tì?” Ìdáhùn rẹ̀ lè gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó ọdún kan.

A ń lo SPI (iye iṣẹ́ tí a ti ṣe, tí a fi iye tó yẹ ká ti ṣe pín) àti CPI (iye iṣẹ́ tí a ti ṣe, tí a fi owó tí a ti ná pín). Ṣé a lè fi wọ́n wéra?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ. Iṣẹ́ ₦40 mílíọ̀nù ni, ó yẹ kí ẹ ti ṣe ìdajì rẹ̀, ìyẹn ₦20 mílíọ̀nù, àmọ́ 40% lẹ ṣe, tó jẹ́ ₦16 mílíọ̀nù, ẹ sì ti ná ₦20 mílíọ̀nù. SPI jẹ́ 16 ÷ 20, ó fún yín ní 0.8. CPI náà jẹ́ 0.8. Bó bá ń lọ báyìí, iṣẹ́ náà yóò jẹ ₦40 mílíọ̀nù ÷ 0.8, ìyẹn ₦50 mílíọ̀nù.

Àléébù SPI ni pé kò sí iṣẹ́ tó parí tí SPI rẹ̀ kò ní padà sí 1, ìbáà pẹ́ ní ọdún méjì, torí pé gbogbo iṣẹ́ tí a pète ti di ṣíṣe. Nítorí náà, ẹ má fi SPI ìparí wé ti ẹnikẹ́ni. Ìyàtọ̀ ọjọ́ ni kí ẹ lò. Ó tún yẹ kí ẹ fẹnu kò lórí bí a ṣe ń sọ pé iṣẹ́ ti dé 40%. Bí ẹnì kan bá ń fojú díwọ̀n, tí ẹnìkejì ń ka búlọ́ọ̀kù, nọ́ńbà méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ṣé ìfiwéra lè ràn wá lọ́wọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀?

Ibẹ̀ ló ti wúlò jù. Olùwádìí kan, Bent Flyvbjerg, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ iṣẹ́ ìrìnnà 258 wò ní orílẹ̀-èdè 20, wọ́n sì tẹ àbájáde jáde ní 2002. Nínú iṣẹ́ mẹ́wàá, owó mẹ́sàn-án ló ju ìdíyelé wọn lọ. Ní ìpíndọ́gba, ojú irin fi 45% kọjá, afárá àti ihò abẹ́ ilẹ̀ 34%, ọ̀nà ọkọ̀ 20%. Ẹkùn Èkó náà mọ ọ̀rọ̀ yìí: Blue Line, ojú irin Èkó tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní nǹkan bíi 2010, September 2023 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò.

Ọ̀nà ìlò rẹ̀ rọrùn. Ẹ díye lé iṣẹ́ bí ẹ ti máa ń ṣe. Kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún oníbàárà, ẹ wo iṣẹ́ yín àtijọ́ tó jọ ọ́. Bí iye àárín ìkọjá wọn bá jẹ́ 15%, ẹ fi 15% kún un, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa sọ pé “ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀”. Àwọn iṣẹ́ àtijọ́ náà yàtọ̀ lójú àwọn tó díye lé wọn. Ẹ má gbà láìrí ohun kan pàtó tó yí padà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ irọ́ sínú ìwé. Kí la fẹ́ ṣe?

Ẹ wo ohun tí ẹ so mọ́ nọ́ńbà náà. Bí ọjọ́ ìdúró bá ń dín owó oṣù fọ́mànù kù, kò ní sí ọjọ́ ìdúró mọ́ nínú ìwé rẹ̀. Ẹ lo iye láti fi wá ìdí, ẹ má fi san ẹ̀bùn tàbí jẹni níyà, ó kéré tán ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹ mú kí ìkọ̀wé kúrú: fọ́ọ̀mù ojú ìwé kan tàbí ìfìwéránṣẹ́ WhatsApp lálẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún, àmì mẹ́rin tàbí márùn-ún fún ìdí ìdúró. Kí ẹnì kan tún máa yẹ ìwé ọjọ́ kan wò lọ́sẹ̀, kó fi wé ìwé ìgbàwọlé ẹnu géètì.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńkọ́?

Àwọn “points”, ìyẹn máàkì tí ẹgbẹ́ kan ń fún iṣẹ́ wọn láti sọ bó ṣe tóbi tó, kò ṣeé fi wé ti ẹgbẹ́ mìíràn, oníkálukú ló ń dá tirẹ̀ wọ̀n. Ẹ lo bí ẹ ṣe ń gbé àyípadà síta léraléra tó, àkókò tó ń gbà kí kóòdù dé ọwọ́ oníbàárà, ìdá àyípadà tó ba nǹkan jẹ́, àti bó ṣe pẹ́ tó kí ẹ tó tún un ṣe.

Ìgbà mélòó lọ́dún, ìgbà wo la sì ń fi òṣùwọ̀n kan sílẹ̀?

Ẹ máa kọ iye lójoojúmọ́, ẹ máa wò ó lóṣooṣù, kí ẹ sì fi wé ti ìta lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Bí òṣùwọ̀n kan bá kọjá oṣù mẹ́fà tí kò tíì mú kí ẹnikẹ́ni ṣe ìpinnu kankan, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fọ́ọ̀mù. Ti ìjàǹbá nìkan ni ẹ ò ní yọ, kódà bí òdo bá ń tẹ̀lé òdo.